Emmanuel Ifeajuna

Emmanuel Arinze Ifeajuna (tí a bí ní nǹkan bí ọdún 1935, tí ó sì kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967) jẹ́ eléré ìdárayá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, olùkọ́ àti ọ̀gá ológun ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ní ọdún 1954, ó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú ìdíje fífò sókè ní ìlú Vancouver ní orílẹ̀-èdè Kánádà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà nínú ìdíje eré ìdárayá láàrin àwọn orílẹ̀-èdè, òun ni a sì kà sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá àti oṣù díẹ̀, ó wà lára àwọn ọ̀gá ológun tí ó ṣe olórí ìfipágbàjọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdún 1966. Ìfipágbàjọba yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ orúkọ rẹ̀ jù lọ, ó sì bo ògo tí ó ti gbà lórí pápá mọ́lẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ọmọ ìlú Onitsha, ní ìhà ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ni Ifeajuna. Ilé-ẹ̀kọ́ girama Dennis Memorial, ní Onitsha, ni ó lọ. Ìjọ Áńgílíkà ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1925, wọ́n sì fi orúkọ àlùfáà T. J. Dennis sọ ọ́, ẹni tí ó ṣe olórí iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Ígbò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni a ti kọ́kọ́ rí ohun méjì tí yóò máa bá a lọ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Èkíní ni pé ó lè fò sókè ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Èkejì ni pé kì í panu mọ́ bí nǹkan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní ọdún 1951, ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ẹ̀hónú hàn títí tí àwọn aláṣẹ fi ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa fún odindi sáà kan.

Fífò sókè ní Nàìjíríà ṣáájú rẹ̀

Kì í ṣe Ifeajuna ni ó kọ́kọ́ mú kí ayé mọ̀ pé àwọn ọmọ Nàìjíríà mọ̀ ọ́n fò. Ní ọdún 1950, ní ìlú Auckland ní orílẹ̀-èdè New Zealand, Josiah Majekodunmi gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú fífò sókè ní Ìdíje Ilẹ̀ Ọba Bìrìtìkó. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ níbẹ̀. Ní ọdún 1952, Nàìjíríà kópa nínú Ìdíje Òlíńpíìkì fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Helsinki, ní orílẹ̀-èdè Finland. Majekodunmi wà lára ẹgbẹ́ náà, ó sì ṣe ipò kẹsàn-án nínú fífò sókè.

Ní ayé ìgbà náà, kò sí tìmùtìmù rírọ̀ tí ẹni tí ó fò yóò balẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lónìí. Orí iyẹ̀pẹ̀ ni eléré máa ń já lé. Ọ̀nà tí a fi ń fi ẹ̀yìn fò kọjá lórí ọ̀pá, tí Dick Fosbury ará Amẹ́ríkà sọ di olókìkí ní ọdún 1968, kò tíì dé. Nítorí náà, ẹni tí yóò fò kọjá ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ààbọ̀ ní láti mọ bí yóò ti balẹ̀ láìfi ara pa. Nàìjíríà kò ní pápá ìṣeré tó dára tó èyí tí àwọn ará Yúróòpù ní, síbẹ̀ fífò sókè di eré tí ó ń mú orúkọ orílẹ̀-èdè náà jáde ju èyíkéyìí mìíràn lọ lórí pápá.

Ìdíje Vancouver, ọdún 1954

Ìdíje Ilẹ̀ Ọba Bìrìtìkó àti Commonwealth ti ọdún 1954 wáyé ní Vancouver láti ọjọ́ 30 oṣù Keje sí ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ. Ìdíje yìí ni gbogbo ayé fi ń rántí eré máìlì kan tí Roger Bannister ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi borí John Landy ará Ọsirélíà, nígbà tí àwọn méjèèjì sá a ní ohun tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ṣùgbọ́n fún àwọn ọmọ Nàìjíríà, fífò sókè ni ìdíje tí ó ṣe pàtàkì jù.

Ifeajuna kò tíì pé ọmọ ogún ọdún dáadáa nígbà náà. Ohun tí ó yani lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé bàtà kan ṣoṣo ni ó wọ̀, ní ẹsẹ̀ òsì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ wà láìní bàtà. Bí ọ̀pá ti ń ga sí i ni àwọn olùdíje ń já sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku àwọn ọmọ Áfíríkà nìkan tí ó ń du ipò àkọ́kọ́. Ní ìparí, Ifeajuna fo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́jọ, èyí tí í ṣe mítà 2.03, ó sì fi bẹ́ẹ̀ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nínú ìdíje náà. Patrick Etolu, ọmọ orílẹ̀-èdè Uganda, ni ó ṣe ipò kejì, Nafiu Osagie, ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ Ifeajuna, sì ṣe ipò kẹta. Àwọn ọmọ Áfíríkà mẹ́ta ni ó gba àmì-ẹ̀yẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Láti lóye ìtumọ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí, ó yẹ kí á rántí pé abẹ́ ìjọba amúnisìn ni Nàìjíríà àti Uganda ṣì wà. Òmìnira Nàìjíríà ṣì ku ọdún mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà náà ni ó kọjá kí Abebe Bikila, ọmọ Ethiopia, tó fi ẹsẹ̀ lásán sá eré gba wúrà Òlíńpíìkì ní ìlú Róòmù ní ọdún 1960. Ní àkókò tí àwọn kan ṣì ń jiyàn bóyá aláwọ̀ dúdú lè ṣe àkóso ara rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Onitsha fò ga ju gbogbo ọmọ ilẹ̀ ọba náà lọ.

Ìpadàbọ̀ sílé

Nígbà tí àwọn eléré náà padà sí Èkó, ìlú tú jáde láti pàdé wọn. A gbé wọn sínú ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, wọ́n sì yí ká ìgboro kí àwọn ènìyàn lè rí wọn. A ṣe ayẹyẹ fún wọn ní pápá ìsáré ẹṣin tí ó wà ní Èkó nígbà náà. Òkìkí Ifeajuna kàn dé ibi tí ìwé ìròyìn kì í dé. Àwòrán rẹ̀ ni a tẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń kọ iṣẹ́ wọn, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé káàkiri Nàìjíríà fi dá ẹni tí ń fò lórí ọ̀pá náà mọ̀ kí wọ́n tó mọ bí a ti ń kọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí dàgbà láìmọ̀ pé ọ̀gá ológun tí wọ́n ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò ní ọdún 1966 ni ẹni tí ó wà lẹ́yìn ìwé wọn.

Ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn

Lẹ́yìn ìṣẹ́gun Vancouver, Ifeajuna wọ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ní ọdún 1954 kan náà. Ọdún 1948 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka Yunifásítì ti Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni yunifásítì kan ṣoṣo tí ó wà ní Nàìjíríà nígbà náà. Chinua Achebe ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1953, Wole Soyinka sì kúrò níbẹ̀ lọ sí Leeds ní ọdún tí Ifeajuna dé. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ni Ifeajuna kà. Lára àwọn tí ó bá ṣe ọ̀rẹ́ ni Christopher Okigbo àti J. P. Clark, tí àwọn méjèèjì di akéwì ńlá lẹ́yìn náà.

Ohun tí ó ya àwọn olólùfẹ́ eré ìdárayá lẹ́nu ni pé ẹni tí ó ga jù lọ nínú fífò kò fi bẹ́ẹ̀ fò mọ́. Kò sí nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó lọ sí Òlíńpíìkì Melbourne ní ọdún 1956, kò sì gbìyànjú láti tún wúrà Commonwealth gbà. Ìgbésí ayé rẹ̀ lórí pápá, èyí tí àwọn mìíràn ì bá fi ọdún mẹ́wàá ṣe, kò kọjá ìgbà kúkúrú. Ìṣèlú akẹ́kọ̀ọ́ ni ó gbà á lọ́kàn. Ó di ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kó ipa nínú ìfẹ̀hónúhàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ní ọdún 1957 lòdì sí àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní Ìbàdàn rántí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lẹ́nu rẹ̀, tí ó lè ru ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn sókè.

Iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ ológun

Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́, Ifeajuna ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1960, ọdún òmìnira, ó wọ iṣẹ́ ológun. A rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ti Mons, ní Aldershot, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn tí ó ti kàwé dé yunifásítì kò pọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà nígbà náà. Chukwuemeka Odumegwu Ojukwu, tí ó kàwé ní Oxford, àti Victor Banjo, ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, wà lára àwọn díẹ̀ náà. Nígbà tí ó fi di ìparí ọdún 1965, Ifeajuna ti di Mejọ̀, ó sì jẹ́ Brigade Major ní Brigade Kejì ní Èkó, lábẹ́ Brigadier Zakariya Maimalari. Ipò yìí fún un ní àǹfààní láti mọ ibi tí ọmọ ogun àti ohun ìjà wà ní olú-ìlú.

Ìfipágbàjọba oṣù Kínní ọdún 1966

Ìdààmú ti bá ìṣèlú Nàìjíríà láti ìgbà pípẹ́ kí ọdún 1966 tó dé. Ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ìjà láàrin Olóyè Obafemi Awolowo àti Olóyè Samuel Ladoke Akintola pín ẹgbẹ́ Action Group sí méjì ní ọdún 1962. Awolowo wà lẹ́wọ̀n ní Calabar. Ìdìbò àpapọ̀ ti ọdún 1964 kún fún àríyànjiyàn. Nígbà tí ìdìbò Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn wáyé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, tí àwọn aráàlú sì gbà pé èrú wà nínú rẹ̀, ilẹ̀ Yorùbá gbaná. Èyí ni a mọ̀ sí Wẹ́tíẹ̀: a ń da epo bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé, a sì ń dáná sun wọ́n.

Nínú àyíká yìí ni àwọn ọ̀gá ológun ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbìmọ̀. Mejọ̀ Chukwuma Kaduna Nzeogwu ni ó ṣe olórí ní Kàdúná. Ifeajuna ni ó ṣe olórí ní Èkó. Adewale Ademoyega, ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo láàrin àwọn mejọ̀ tí ó ṣe agbátẹrù ètò náà, kọ ọ́ sínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1981 pé èrò wọn ni láti tú Awolowo sílẹ̀ kí wọ́n sì fi í ṣe olórí ìjọba.

Ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Kínní, Maimalari ṣe àsè ní ilé rẹ̀ ní Ìkòyí, ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá ológun sì wà níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ náà ni ètò bẹ̀rẹ̀. Ifeajuna ni ó ṣe olórí àwọn tí ó lọ mú Mínísítà Àgbà, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, ní ilé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni Maimalari, ọ̀gá tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, ti kú. A tún pa Lieutenant-Colonel Abogo Largema ní ilé ìtura Ìkòyí. Àwọn mìíràn tí ó kú ní òru náà ni Ahmadu Bello, Sardauna ti Sókótó. Akintola ní Ìbàdàn. Mínísítà fún Ètò Ìṣúná, Festus Okotie-Eboh. Àti àwọn ọ̀gá ológun bíi Brigadier Samuel Ademulegun àti Colonel Ralph Shodeinde, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ Yorùbá, Kur Mohammed, James Pam àti Arthur Unegbe.

A gbé Balewa kúrò ní Èkó gba ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọ̀nà àtijọ́ yìí gba Agége kọjá, nítòsí Dọ̀pẹmu, agbègbè tí ó kún fún ilé àti ọjà lónìí ṣùgbọ́n tí oko pọ̀ ní ẹ̀bá rẹ̀ nígbà náà, kí ó tó dé Ọ̀tà. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni a rí òkú Mínísítà Àgbà ní ẹ̀bá ọ̀nà náà. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ kò fi ẹnu kò lórí bí ikú rẹ̀ ṣe wáyé, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ọwọ́ ikọ̀ Ifeajuna ni ó ti bọ́ sọ́wọ́ ikú.

Ètò náà yọrí sí rere fún wọn ní Kàdúná, ó sì forí ṣánpọ́n ní Èkó. Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, olórí ẹgbẹ́ ọmọ ogun, bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó kó àwọn ọmọ ogun jọ, ó sì gba àkóso. Nígbà tí Ifeajuna rí i pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ, ó wa ọkọ̀ lọ sí Enúgu. Nítorí pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn olórí ètò náà jẹ́ ọmọ Ígbò, tí àwọn tí ó kú sì jẹ́ ará Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn ní pàtàkì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á sí ìdìtẹ̀ ẹ̀yà kan. Èrò yìí ni ó bí ìfipágbàjọba ti oṣù Keje ọdún 1966, nínú èyí tí Ironsi fúnra rẹ̀ kú, àti ìpakúpa àwọn ọmọ Ígbò ní Àríwá.

Ní orílẹ̀-èdè Ghana

Láti Enúgu, Ifeajuna sá lọ sí Ghana, Okigbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ràn án lọ́wọ́. Ààrẹ Kwame Nkrumah gbà á lálejò. Níbẹ̀ ni ó ti kọ ìwé kan lórí ìdí tí wọ́n fi gba ìjọba. Ìwé náà kò di títẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn díẹ̀, tí Clark wà lára wọn, rí i kà. Okigbo àti Clark lọ bá a ní Ghana láti mú un padà wá sílé. Bí ó ti dé Nàìjíríà ni ìjọba Ironsi tì í mọ́lé.

Ogun abẹ́lé àti ikú rẹ̀

Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ojukwu kéde Biafra gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè olómìnira, ogun sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje. Ifeajuna ti gba ìtúsílẹ̀ kúrò ní àtìmọ́lé ní ìlà-oòrùn, ó sì wà lọ́dọ̀ àwọn ológun Biafra. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Biafra lábẹ́ Banjo wọ Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gba Benin, wọ́n sì dé Orẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lé wọn padà, Benin sì bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án.

Ojukwu fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Banjo, Ifeajuna, Philip Alale àti Samuel Agbam. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n gbìmọ̀ láti gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì bá ìjọba àpapọ̀ ṣe àdéhùn láti dá ogun dúró. Ìgbẹ́jọ́ náà kò pẹ́ rárá. Ní oṣù Kẹsàn-án náà, a yìnbọn pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní Enúgu. Ifeajuna kò tíì ju ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tàbí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lọ. Ó fi ìyàwó àti ọmọkùnrin méjì sílẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, Enúgu bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀. Láàrin ìgbà yìí kan náà ni Okigbo, tí ó ti wọ iṣẹ́ ogun Biafra, kú sójú ogun ní agbègbè Nsukka.

Ipò rẹ̀ nínú ìtàn

Ifeajuna kú gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìhà méjèèjì kọ̀. Lójú àwọn tí ó pàdánù aṣáájú wọn ní ọdún 1966, apànìyàn ni. Lójú ìjọba Biafra, ọ̀tẹ̀ ni. Nítorí náà, kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti gbé orúkọ rẹ̀ ga nítorí eré ìdárayá. Àwòrán tí ó wà lẹ́yìn ìwé àwọn ọmọ ilé-ìwé parẹ́ diẹ̀diẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìtàn ìṣèlú ju bí ó ti wà nínú ìtàn eré lọ. Clark kọ ewì nípa ìṣẹ̀lẹ̀ àkókò náà sínú ìwé rẹ̀, Casualties, tí ó jáde ní ọdún 1970. Ní ọdún 2014, Brian Oliver, akọ̀ròyìn eré ìdárayá ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé kan tí ó ṣe lórí Ìdíje Commonwealth, èyí sì tún mú kí àwọn ọ̀dọ́ kan gbọ́ nípa rẹ̀.

Síbẹ̀, ohun tí ó ṣe ní Vancouver kò ṣe é parẹ́. Ní ọdún 1966, ọdún kan náà tí ó wà ní àtìmọ́lé, Samuel Igun gba wúrà fún Nàìjíríà ní Ìdíje Commonwealth ti Kingston, ní orílẹ̀-èdè Jàmáíkà, nínú eré fífò ìgbà mẹ́ta. Ní ọdún 1996, ní Atlanta, Chioma Ajunwa gba wúrà Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, nínú fífò jìnnà. Láti ọ̀dọ̀ Majekodunmi dé ọ̀dọ̀ Ajunwa, fífò ni ó kọ́kọ́ ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn fún Nàìjíríà lórí pápá eré àgbáyé, Ifeajuna sì ni ó kọ́kọ́ mú wúrà wálé nínú wọn.